Ìyá Aránṣọ Dáhùn: Ṣé Àbùkù Ni Kí A Wọṣọ Bíi Bàbá Sàlá Níbi Ọjọ́ Ìbí Àgbà?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Èkíní ló gba ibi tó pọ̀ jù, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wọ̀ mí lára.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ìyá Aránṣọ. Baba wa máa pé ọmọ ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ní Iléṣà níbí. Nígbà tí a wà ní kékeré, lálẹ́ tí Aláwàdà bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, Baba a fi okùn so aago tábìlì mọ́ ọrùn, a máa rìn káàkiri pálọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa a máa pariwo pé kó má fi aago òun ṣeré. A ti wá pinnu pé kí àwọn ọmọ-ọmọ jó wọlé pẹ̀lú bóò táì ńlá, awò tí kò ní gíláàsì àti aago lọ́rùn, bíi Bàbá Sàlá inú eré Aláwàdà yẹn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fàáké kọ́rí. Ó ní aṣọ yẹ̀yẹ́ ni, pé a fẹ́ dójú ti Baba níwájú àwọn àgbà ìjọ. Mà, ṣé àbùkù ni lóòótọ́? Bí kì í bá ṣe àbùkù, báwo la ṣe máa rán an? Ọmọdé ni télọ̀ wa, kò mọ ohun tí à ń wí. Ẹ tún jọ̀ọ́, kí ló fà á tí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo rí bóò táì kan tí wọ́n so kọ́ ní ọjà? Ọmọ Baba, Iléṣà.*

Ọmọ Baba, kì í ṣe àbùkù rárá. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù yé mi, torí àgbà tó ń ṣe ọjọ́ ìbí kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ ká jọ wo aṣọ ọ̀hún láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ.

Ẹ mú bóò táì. Ta ní ń wọ̀ ọ́ nígbà tí èmi wà lọ́mọdé? Lọ́yà ni, àti dókítà, àtàwọn olórin háíláìfù. Awò ojú ńkọ́? Akọ̀wé àti tíṣà. Aago ọwọ́? Ẹni tó ń gbowó oṣù. Bíréèsì tí wọ́n fi ń fa ṣòkòtò mọ́ èjìká? Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Kò sí aṣọ wèrè kan níbẹ̀. Aṣọ tí ìyá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun rí lára ọmọ òun ni. Iṣẹ́ tí Bàbá Sàlá ṣe sí wọn ni pé ó sọ wọ́n di ńlá. Bóò táì fẹ̀ títí ó fi ń wá èjìká. Aago kúrò ní ti ọrùn ọwọ́, ó di èyí tó yẹ kó wà lórí tábìlì. Awò tóbi, kò sì sí gíláàsì nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ń wo ayé bí ọ̀mọ̀wé. Ṣòkòtò sọ, ó fẹ̀, bíréèsì nìkan ni kò jẹ́ kó já bọ́.

Ẹ wá rántí irú ẹni tó máa ń ṣe nínú eré: ahun, elétekéte, ẹni tó fẹ́ lówó láìlàágùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbé aṣọ ọ̀gá wọ̀. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti bá a pàdé ní kọ́ọ̀tù, wọ́n ti bá a pàdé ní ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti ń san owó orí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń dà lójú wọn. Bí aṣọ títóbi nìkan bá ń pani lẹ́rìn-ín, gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti di aláwàdà.

Ìjẹ̀ṣà bíi tiyín ni. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, olórin háíláìfù sì ni kó tó di Bàbá Sàlá. Federal Rhythm Dandies ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni King Sunny Adé ti ń ta gìtá kó tó kúrò, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá ti dúró síwájú ẹgbẹ́ olórin mọ bí bóò táì ṣe ń jókòó sí ọrùn, ó mọ bí kóòtù ṣe ń gba èèyàn lára, ó mọ ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ń rí àti èyí tí wọn kò lè rí. Èmi gbà pé ìmọ̀ yẹn ló gbé wọ inú eré. Nígbà tí Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀ ń fi aṣọ ọba àti aṣọ òrìṣà kún orí ìtàgé, òun lọ mú aṣọ akọ̀wé, ó sì fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣe lójú wa.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Òkè-Àdó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ti lánlọ́ọ̀dù wa nìkan ni tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú ilé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ó ní ilẹ̀kùn onígi tí baba náà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Àgbà ló ń jókòó nínú yàrá. Àwa ọmọdé wà níta lórí etí gọ́tà, a di irin fèrèsé mú, orí ń kan orí. Dúdú àti funfun ni àwòrán, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ lu irin tó wà lórí òrùlé, gbogbo rẹ̀ á máa hó bí ẹni ń da iyanrìn. Láti ibi tí mo wà, mi ò lè rí ojú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo máa ń rí bóò táì yẹn. Ó máa ń wọlé bí ẹyẹ tó na ìyẹ́, àwa tó wà lójú fèrèsé á sì ti pariwo "Bàbá Sàlá!" kó tó la ẹnu. Mo ti dàgbà, mo ti kọ́ṣẹ́, kó tó yé mi pé ẹni tó rán aṣọ yẹn mọ̀ pé ọmọ kan máa wà lójú fèrèsé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé aṣọ tí wọ́n rò kí wọ́n tó rán ni. Ẹni tó bá rán aṣọ báyìí ní ìrántí rẹ̀ ń bọlá fún iṣẹ́ ọwọ́. Àbùkù wà lọ́nà mìíràn: kí ẹ lọ wá àkísà jọ, kí ẹ fi ẹfun kun ọmọ lójú, kí ẹ ní Bàbá Sàlá nìyẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti omi tó bọ́ lójú yín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́. Àwa ọmọ Òkè-Àdó máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe awò ojú. A máa ń fi bírò ya aago sọ́rùn ọwọ́, a ó ya ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, a ó bi ara wa pé aago mélòó ló lù. Ẹni tí kò ní bírò á fi èédú. Nínú ilé tiyín, baba yín gan-an ló gbé aago kọ́rùn. Baba tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ṣeé ṣe kí ó le mọ́ yín láti àárọ̀, tó wá ń rìn ní pálọ̀ bíi Bàbá Sàlá kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Òun lẹ rí nígbà tí ẹ rí bóò táì yẹn ní ọjà, òun àti ìyá yín tó ń pariwo nítorí aago rẹ̀. Kí omi náà máa bọ́, kò burú.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí, mi ò sì lè fò ó. Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, ó sì ná owó ńlá sí i. Àwọn kan jí i dà kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó fi gbogbo ara rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín báyìí, àwa kan náà la jókòó nílé tí à ń wo èyí tí wọ́n jí. Iléṣà ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Bí ọmọ-ọmọ bá so bóò táì mọ́ ọrùn ní Iléṣà kan náà yẹn, tí ẹnìkan sọ orúkọ rẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó jó wọlé, ohun rere ni lójú tèmi.

Ó yá, ẹ fún télọ̀ yín ní èyí kà.

Bóò táì: fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ gé aṣọ ní íǹṣì méjìdínlógún ní gígùn, íǹṣì mẹ́sàn-án ní fífẹ̀, méjì fún ẹyọ kan. Ẹ wá gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń fi sí inú kọ́là, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ méjèèjì. Ibí yìí ni àwọn télọ̀ òde òní ti máa ń ṣe ojú ayé, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù rírọ̀, kó tó di àkókò ijó bóò táì á ti dorí kodò bí etí ajá tí òjò pa. Ẹ kọjú aṣọ síra, ẹ rán an yípo, ẹ fi àlàfo kékeré sílẹ̀, ẹ yí i síta, ẹ fi ọwọ́ rán àlàfo náà pa. Ẹ wá fún un ní àárín kó di ìṣẹ́po mẹ́ta, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ íǹṣì méjì dì í, ẹ rán an mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Rọ́bà ni kí ẹ fi sí i lẹ́yìn tó máa lọ yí abẹ́ kọ́là ká. Ẹ má lo okùn, ọmọ tó bá ń jó lè fà á mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ní ti àwọ̀, ẹ yan èyí tó bá wù yín. Dúdú àti funfun ni gbogbo wa fi rí i nígbà náà, kò sí ẹni tó máa bá yín jà. Tó bá jẹ́ èmi, aṣọ tó ní ìlà gbòòrò tàbí tó-tò-tó ni mo máa lò, nítorí ó máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn.

Ṣòkòtò: kí ìbàdí rẹ̀ fi íǹṣì mẹ́fà ju ti ọmọ lọ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí ó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ rán bọ́tìnnì ńlá mẹ́rin sí ìbàdí, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ibẹ̀ ni bíréèsì máa kọ́. Ẹ jẹ́ kí bíréèsì pàdé lẹ́yìn bí àgbélébùú kó má baà máa yọ̀ kúrò ní èjìká.

Awò: ẹ lọ bá àwọn tó ń ta férémù àlòkù, ẹ mú èyí tó tóbi jù, ẹ yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò pátápátá. Bí ẹ kò bá rí tó, wáyà tó nípọn tí wọ́n fi òwú dúdú wé náà dára.

Aago: bí ẹ bá ní aago onírin àtijọ́ tó ti kú, ẹ kó ìfun rẹ̀ jáde kó lè fúyẹ́, ẹ fi okùn gbé e kọ́ àyà. Bí kò bá sí, ẹ gé páálí róbótó, ẹ lẹ bébà funfun mọ́ ọn, kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bó bá ṣe wù wọ́n. Àmọ́ kí aago kan ṣoṣo jẹ́ ojúlówó. Bí aago tábìlì ìyá yín bá ṣì wà nínú ilé, èyí tí Baba máa ń so mọ́ ọrùn, òun ni kí ọmọ tó bá ṣáájú gbé.

Nípa ètò ọjọ́ náà: ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ Baba. Àgbà ọmọ ọgọ́rin ọdún lè ní òun náà fẹ́ bóò táì, ẹ rán tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi pamọ́. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ má rọ̀ ọ́. Kí àwọn ọmọ jó wọlé lẹ́yìn àdúrà, lẹ́yìn tí àwọn àgbà ìjọ ti gbàdúrà tán tí wọ́n ti jókòó, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ fún Baba pẹ̀lú aṣọ ọ̀hún lára kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín á rí i pé iyì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín mú máìkì, kí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn ohun tí Baba máa ń ṣe ní pálọ̀.

*Ìyá Aránṣọ, mo kí yín o. Ilé ìwé ọmọ mi fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà ìbílẹ̀. Baba rẹ̀ ní dandan, bíi Fádèyí Olóró ni ọmọ náà máa wọṣọ, torí òun lòun ń wò nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ìjọ tí à ń lọ kò fẹ́ rí oògùn sójú. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Tèmi, Ìkòròdú.*

Ìyá Tèmi, ọkọ yín ò jẹ̀bi. Òjó Arówóṣafẹ́, ọmọ Èkìtì, tó ṣe Fádèyí Olóró, gba ọkàn àwọn ọmọ ìgbà náà pátápátá. Bó bá ti ń pe ọfọ̀ nínú eré Arélù lórí NTA, ọmọ mìíràn á sá sẹ́yìn àga, á sì tún máa yọjú wò ó. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ló papò dà, kò tíì pẹ́, mo lérò pé ìdí nìyẹn tí ọkọ yín fi rántí rẹ̀ báyìí.

Ẹ má wo aṣọ yẹn bí oògùn. Aṣọ ọdẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, gbérí tí àwọn bàbá wa wọ̀ lọ sí oko ọdẹ. Ẹ ra kíjìpá, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ hun tó nípọn, yáàdì méjì tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí kíjìpá bá wọ́n, kàkí àwọ̀ ilẹ̀ lè dípò rẹ̀. Kó má ní apá, tàbí kí apá rẹ̀ mọ sí ìgúnpá, kó sì dé itan. Ẹ gé awọ àlòkù láti ara báàgì tó ti gbó, ẹ rán an ní àpò kéékèèké bí ìka méjì, ẹ fi òwú kún inú wọn, ẹ rán wọn mọ́ àyà aṣọ ní ìlà mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ fi òwú sí i, ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Bí pásítọ̀ bá béèrè, ẹ tú ọ̀kan kí wọ́n rí i. Owó ẹyọ díẹ̀ létí fìlà dára. Kó má mú ọ̀bẹ dání, kó má mú àdó gidi ti bàbá àgbà kankan, ìrùkẹ̀rẹ̀ tó o.

Kó tún tó lọ, kí baba rẹ̀ kọ́ ọ ní ìjálá díẹ̀, ìlà mẹ́rin péré. Ọmọ tó wọ gbérí tó dákẹ́ síwájú kíláàsì, aṣọ ọ̀hún á kàn fún un lọ́rùn lásán ni.

*Ìyá àgbà, ẹ kú ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Mo rí fọ́tò ìyá mi nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì, wọ́n wọ ìró kékeré tó mọ ní orúnkún. Wọ́n ní ọlẹ́kù ni. Mo fẹ́ rán irú rẹ̀. Mélòó ni gígùn rẹ̀? Yétúndé, Peckham.*

Yétúndé, ọmọ mi, kú àárọ̀ ilé. Aṣọ ọmọge ni o rí yẹn. Ọlẹ́kù ni orúkọ tó jẹ́ lẹ́yìn tí Túndé Kèlání fi ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe fíìmù ní 1997, tí gbogbo ọmọbìnrin sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Nínú fíìmù náà ni wọ́n ti rí bí àwọn ìyá wọn ṣe wọṣọ ní yunifásítì.

Má ṣe fi wíwò rán ìró rẹ. Dúró ṣánṣán, jẹ́ kí ẹlòmíràn fi téèpù wọn ọ́ láti ìbàdí dé àárín orúnkún, kí o wá fi íǹṣì méjì kún un fún ìṣẹ́tí. Ní fífẹ̀, wọn ìdí rẹ yípo, kí o fi ìdajì rẹ̀ lé e, kó lè bò ọ́ dáadáa bí o bá jókòó. Bùbá rẹ̀ kì í gùn, kí ó parí sí ìbàdí gẹ́lẹ́, kí apá rẹ̀ gbòòrò, kó sì dúró ní ìgúnpá. Léèsì dára, àǹkárá náà dára. Bí ìyá rẹ bá ṣì ní èyí tó wà nínú fọ́tò, má gé e. Gbé e lé bébà, ya ìlà rẹ̀, kí télọ̀ fi bébà yẹn gé tuntun.